Ìwé Tí Wọ́n Ní Orúkọ Mi Kò Sí Nínú Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti jẹun tán tí wọ́n ń ṣan ọwọ́, mo sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bí ọjọ́ tèmi bá dé, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni kí wọ́n tẹ́ mi sí. Àyè wà níbẹ̀. Mo ti fojú wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú: láti ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀ dé ìdí igi àgbọn, koríko nìkan ló wà níbẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi kò wojú mi. Ó ń tayín.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àǹtí ti kọ ìwé kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, orúkọ gbogbo ìyàwó tó wọ ilé yìí ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ la máa sin sí agboolé. Wọ́n ní tiyín kò sí níbẹ̀."

"Àwọn ta ni wọ́n ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ti kà á."

Ó dìde, ó ní òun ń lọ sin àwọn ààfáà sọ́nà.

Àǹtí tó ń sọ ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, òun ló sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ọkùnrin yìí. Tíṣà ni. Ó ti tó ọdún méjì tí òun náà ti ṣaláìsí.

N kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo bá nílé yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, àtọmọ tó ń rákòrò àtarúgbó tó ń tẹ̀pá. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Èmi ni mo sọ wọ́n ní orúkọ tí mo fi ń pè wọ́n. Àbúrò ọkọ mi yìí, Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí òun nìkan ló ń wọ bàtà lọ sílé-ìwé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ ìwé, Eyínmẹ́nugún, nítorí eyín rẹ̀ tó tò bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó wọn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò jáde lẹ́nu mi rí.

Mo padà sí ilé wa ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ kejì, mo sì jókòó ìyókù opó mi níbẹ̀ títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fi pé. Obìnrin tó bá jókòó báyẹn, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ronú lọ. Mo ronú kan gbogbo wọn. Kí ló dé tí Eyínmẹ́nugún kò fi ìwé yẹn hàn mí rí? Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì yára tì í bọ inú báàgì bí mo ṣe wọlé. Nígbà náà, mo rò pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Nígbà tí mo wà nínú opó, báàgì yẹn kò kúrò lójú mi mọ́. Ṣé ọkọ mi náà mọ̀? Mo fura sí òkú nínú sàréè rẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì mí. Àwa méjèèjì jọ jẹun láti ìgbà èwe wa, kò sì sọ fún mi rí pé ìwé kankan wà. Mo bí ọmọ méjì fún un, wọn kò dúró. Ará òkè ni mí, láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mi ò sì gbọ́ èdè Ẹ̀pẹ́ já geere títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fa orúkọ kan yọ nínú ìwé, ta ni ì bá fà yọ bí kò ṣe èmi?

Ayálégbé wa kan ló là mí lójú, ọmọ Ọ̀ṣun bíi tèmi, tó ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́. Ó ní, "Màmá, ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde, ẹ lè rí i ní láíbìrì. Ẹ ò ní bẹ ẹnì kankan níbẹ̀ kí wọ́n tó fi hàn yín." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gbé mi dìde. Lọ́jọ́ kejì tí mo bọ́ aṣọ opó, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó gbé mi lọ sí láíbìrì.

Mi ò wọ ibẹ̀ rí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ní ilé-ìwé kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, kò sí láíbìrì níbẹ̀. Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Mo ní ìwé kan ni mo wá wò.

"Ìwé ilẹ̀ ni, Màmá?" Ohùn rẹ̀ tutù jù fún mi.

"Ilẹ̀ wo?"

"Ẹ má bínú mà. Àwọn tó ń wá ìwé nípa agboolé wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti rí ojú ìwé tí wọ́n ń wá, wọ́n á ya á mọ́ abẹ́ agbádá lọ."

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa ya ìwé?"

"Àwọn náà ò jọ ọ́, mà."

Ká sòótọ́, ilẹ̀ náà ni mo bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí ènìyàn kan lè sùn sí ni.

Ó ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti kó gbogbo ìwé tí àwọn ní, àti èyí tó wà ní Ẹ̀pẹ́, sínú kọ̀ǹpútà: ẹni tó kọ ọ́, àkọlé rẹ̀, ohun tó dá lé, àti ibi tó dúró sí lórí pẹpẹ. Kátálọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe àkójọ náà. Ó ní kí n dárúkọ òǹkọ̀wé. Mo ní obìnrin kan ló kọ ọ́.

"Eyínmẹ́nugún."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan.

"Orúkọ wọn gan-an nìyẹn, mà?"

"Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn."

"Èyí tí wọ́n ń jẹ́ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ pè é fún mi."

"Mi ò lè pè é. Ọkọ mi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé obìnrin ni."

"Obìnrin ni. Mo bá a nílé."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun náà pe àbúrò bàbá òun ní Bàbá Èkó títí ó fi kú, ọkùnrin náà kò sì fi ẹsẹ̀ kan Èkó rí. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan àti bírò. Mo kọ orúkọ náà sílẹ̀, mo ní kó má kà á sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló jáde tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ìwé ìṣirò lẹni yẹn kọ.

Ó bi mí ní àkọlé rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó kọ ọ́ báyìí pé: ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìyàwó agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́ sí. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kò yọ ọ̀kan, bóyá kí n lè fojú ara mi rí i. Òdo ló jáde.

"Màmá, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kó fún un, ìwé tó ní gbogbo wọn pọ̀ lójú kan ló máa lọ wá. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ṣe ń gùn ni ìwé tẹ́ ẹ máa rí ń dín kù. Ẹ jẹ́ ká mú méjì péré."

Ó kọ *ìtàn*, ó kọ *Ẹ̀pẹ́*. Ìwé mọ́kànlá jáde. A ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọba, ogun, mọ́sáláṣí, ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó yára kọjá lórí ẹ̀kẹrin, mo ní kó padà síbẹ̀. Kò bínú, ó padà. Ìwé nípa afárá ni.

"Wọ́n ti yọ ọ́," mo ní.

"Ta ni?"

"Àwọn tí kò fẹ́ kí n rí i."

"Kò sẹ́ni tó lè ti ìta wá yọ ìwé nínú kọ̀ǹpútà wa, mà."

Ohun tí ẹni tó bá bá wọn yọ ọ́ máa sọ náà nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ jáde.

Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. "Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ti rí ìwé yìí rí?"

"Lẹ́ẹ̀kan. Láti òkèèrè."

"Ẹ kà á?"

"Rárá."

"Ta ló wá sọ fún yín pé orúkọ ìyàwó ló wà nínú ẹ̀?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Àwọn kà á?"

Mo ronú díẹ̀. "Ó ní àwọn kan kà á."

"Ẹ wò ó, Màmá. Tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan níbí, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ máa fún un. Ohun tí wọ́n sọ fún yín, ẹ fi sílẹ̀ ná. Láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín là ń kọ síbẹ̀. Kí lẹ̀yin mọ̀ nípa ẹni tó kọ ọ́?"

Mo ní tíṣà ni. Mo ní lẹ́yìn iṣẹ́, nírọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́ àwọn àgbà obìnrin ní ìwé kíkà, àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Mo ní òun náà ń yan ẹja, àti pé òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ọdún Iléyá.

Ó kọ *ẹja*. Ohun tó jáde ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ó ní kí kọ̀ǹpútà mú ti èdè Yorùbá nìkan wá, ìwé ọmọdé ló kún ibẹ̀. Mo ti ń tún ìborùn mi wé láti máa lọ nígbà tó padà sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá lórí bí ẹja kò ṣe ní bàjẹ́. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tó túmọ̀ sí yíyan ẹja. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì fi ń so gbogbo ìwé tó bá ń sọ nǹkan kan náà pọ̀, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́, àkọlé yòówù kí wọ́n fún un. Ẹni tó bá ti rí ìwé kan tó jọ èyí tó ń wá, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó tẹ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ẹbí ìwé náà á tẹ̀ lé e jáde.

Ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rin jáde. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí bí a ṣe ń yan ẹja létí ọ̀sà, ní èdè Yorùbá. Níbi òǹkọ̀wé, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé pélébé tí mo fún un ni.

"Kí ló dé tí o kò rí i nígbà tí mo fún ọ lórúkọ?"

"Ibi òǹkọ̀wé nìkan ni mo ní kó wò, mà. Ó yẹ kí n ní kó wo ibi gbogbo. Àṣìṣe mi ni."

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo fi í sọ́kàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀dà kan ló wà, Ẹ̀pẹ́ ló wà, kì í jáde.

"Ta ló ní kó má jáde?"

"Nítorí pé ẹyọ kan ni, mà. Ẹ máa jókòó kà á níbẹ̀ ni."

Mo kọ nọ́ńbà ìwé náà sílẹ̀, mo ní kó kà á fún mi kí n fi wé ohun tí mo kọ, mo tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Yíyan ẹja. Títí mo fi délé ni mò ń rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ ìyàwó pamọ́, kí ló tún dára ju kó kọ ẹja sára èèpo rẹ̀ lọ?

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, a gba Ìtòìkín kọjá. Ọkùnrin tó wà ní láíbìrì ibẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn. Mo fún un ní nọ́ńbà. Ó ní pẹpẹ kejì lápá ọ̀tún ni, kí n máa tẹ̀ lé nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé lọ bí wọ́n ṣe tò ó. Mo tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣáájú tiwa wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé tiwa wà níbẹ̀. Tiwa kò sí. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀ pẹ̀lú, torí ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí ló dé yẹn.

"Kò sí níbẹ̀," mo ní.

Kò gbójú sókè. "Ṣé ó pẹlẹbẹ, Ìyá?"

"Ó pẹlẹbẹ."

"Ẹ fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jáde. Ó ti wọ inú ìwé ńlá lọ nìyẹn."

Mo fa ìwé ńlá tó wà lápá òsì, tiwa já bọ́ láti inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Èèpo rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni.

Mi ò yára kàwé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Igi tó dára fún iná. Bí a ṣe ń tẹ́ ẹja sórí àtẹ wáyà tó wà lókè iná tí wọn kò fi ní lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí a ń ṣe bí òjò bá ká ẹja mọ́ ìta. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn, ẹja ni. Mo tún ṣí òmíràn, ẹja. Kò sí orúkọ ìyàwó kankan níbẹ̀. Kò sí ti ọkọ. Yàtọ̀ sí ti ẹni tó bá wọn kọ ọ́, kò sí orúkọ ẹ̀dá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, àfi ti ẹja. Akọ̀wé kò ka ìwé náà. Àwọn tó ní wọ́n kà á kò kà á. Bóyá kò sí àwọn kankan rí.

Ó kù díẹ̀ kí n parí rẹ̀ ni mo dé ibi tí wọ́n ti ń sọ bí a ṣe ń fọ ara ẹja àrọ̀ kó má baà máa yọ̀. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ìyàwó wa kan tó ti òkè wá ló kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ fi eérú èèpo kòkó pa á lára kí a tó fi omi ṣàn án. A bẹ̀rù rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo mú àpò eérú kan dání nígbà tí wọ́n gbé mi wá. Ọṣẹ ni mo fẹ́ fi ṣe, bíi ti ìyá mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n fọ ẹja, ẹja ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bá bu eérú sí i. Wọ́n rò pé oògùn ni. Ẹnikẹ́ni kò fẹnu kan ẹja ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo jókòó jẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àpò mi kò sí níbi tí mo gbé e sí. Mi ò bèèrè. Ìyàwó tuntun kì í bèèrè.

Mo ka ìlà mẹ́ta yẹn títí ọkùnrin náà fi bi mí bóyá ara mi yá. Bóyá ojú ló ti Eyínmẹ́nugún pé màá kà á pé wọ́n bẹ̀rù mi, tó fi ti ìwé bọ báàgì. Mi ò lè mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń nu ojú ni ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n má tíì yọ̀. Ìyàwó méjì la ti òkè wá sí agboolé yẹn, èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ará Ìwó, tó ti kú. Ìwé kò sọ èyí tó ń wí. Akọ̀wé yóò sọ pé ará Ìwó yẹn ni.

Ọkùnrin náà bá mi ṣe ẹ̀dà ojú ìwé yẹn. Mo ká a sínú páàsì, mo gba agboolé lọ.

Mo bá Akọ̀wé lórí àga níwájú ilé.

"Ìyàwó wa, ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀."

"Ọkọ mi, ìwé tí Àǹtí kọ yẹn, ta ló kà á fún yín?"

"Mo ti sọ fún yín. Wọ́n ní..."

"Àwọn ta ni?"

Ó dárúkọ ẹnì kan tó ti kú. Mo ní kó dárúkọ ẹlòmíràn. Ó dárúkọ rẹ̀, òun náà ti kú.

"Gbogbo ẹlẹ́rìí yín ló wà ní sàréè," mo ní. "Àwọn kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rí àyè."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mú un mọ́ra. Mo na ẹ̀dà náà sí i. Ó wá awò rẹ̀, ó kà á, ó tún kà á.

"Ìyàwó méjì ló ti òkè wá sílé yìí," ó ní.

"Mo mọ̀. Èwo ló mú eérú wá?"

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún.

"Èmi ni ìyá wa rán pé kí n lọ da àpò yẹn sí ọ̀sà," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí débi pé igi ni mo fi gbé e."

"Ẹ dà á nù."

"Ìdajì ni mo dà. Àǹtí pàdé mi lọ́nà, wọ́n gba ìyókù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé e pamọ́ sí. Tí ìyá wa bá ti lọ sọ́jà, wọ́n á bù ú, wọ́n á lọ fọ ẹja ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní tí mo bá sọ, àwọn máa lù mí."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti pé ọdún méjì tí a sin obìnrin yẹn, omijé díẹ̀ ló sì bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wò mí. Mo sunkún rẹ̀ níbẹ̀ wàyí. Akọ̀wé kò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Nígbà tí mo ṣe tán, ó dìde, ó lọ sídìí sàréè ọkọ mi, ó fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ìdí igi àgbọn.

"Ibí dé ibí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ìyàwó wa, mo ti sọ ọ́."

"Ti ọjọ́ àdúà náà, ẹnu lẹ fi sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mú bírò. Ẹ̀yìn ẹ̀dà tí mo gbà ní láíbìrì ló kọ ọ́ sí, lórí orúnkún rẹ̀, mo sì dúró tì í. Ó kọ ọjọ́. Ó kọ orúkọ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ́. Níbẹ̀ ni bírò dúró. Ó gbójú sókè wò mí. Ìyàwó wa ló ti ń pè mí láti kékeré rẹ̀, ilé náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Òun tó sọ fún mi pé orúkọ mi kò sí nínú ìwé, kò mọ orúkọ mi.

Mo pè é fún un díẹ̀díẹ̀, ti èmi, ti bàbá mi, mi ò sì mójú kúrò lára bírò náà bó ṣe ń kọ ọ́.